Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Agbaṣẹ́ṣe Tí Ń Gba Agungi Síṣẹ́ ní Ẹ̀pẹ́: Ẹ Wo Ohun Tí Bẹ́líìtì Ń Fi Ara Wa Ṣe

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì kí yín kú iṣẹ́ òòjọ́. Èmi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ máa ń ránṣẹ́ pè nígbà tí ẹ̀ka fúrúntù bá ti gorí páànù ilé ẹnìkan, nígbà tí odán bá ti ń sún mọ́ wáyà iná, tàbí nígbà tí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilẹ̀ ní ọ̀nà Pókà tàbí Ẹ̀rẹ̀dó bá ní kí a bá òun gé àràbà kan wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti òkè, kí ó má baà wó lu ògiri aládùúgbò. Láti ìgbà tí igbó ti ń di ilé lójú ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ ni iṣẹ́ ti pọ̀ sí i fún wa, a sì dúpẹ́. Ìdí tí mo fi kọ ìwé yìí ní gbangba, tí n kò sọ ọ́ sí ẹnì kan ṣoṣo létí, ni pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kan gbogbo yín, ó sì kan gbogbo wa tí ń gun igi fún yín. Ó jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ohun tí bẹ́líìtì, okùn àti irin ẹsẹ̀ ń fi ara ènìyàn ṣe nígbà tí ó bá wà nínú wọn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, àti nípa ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ yín láti ṣe sí i.

N kò kọ̀wé láti bu ẹnu àtẹ́ lu bẹ́líìtì. Bẹ́líìtì ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn yọ. Ẹ̀ka tí ó ṣẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀, ayùn tí ó ta padà, oyin tí ó dédé tú jáde láti inú ihò igi: èyíkéyìí nínú wọn lè já ènìyàn sílẹ̀, bẹ́líìtì àti okùn ni kì í jẹ́ kí ó dé ilẹ̀. Ẹni tí ó bá ka lẹ́tà yìí tán tí ó sì ní agungi kan ń sọ pé kí a má lo bẹ́líìtì mọ́, kò kà á dáadáa. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni a máa ń bi ara wa nígbà tí iṣẹ́ bá parí: ṣé kò sí ẹni tó já? Bí kò bá sí, a ó ní ọjọ́ náà dára. Ẹni tí kò já, ṣùgbọ́n tí kò lè jókòó sórí àga lálẹ́ nítorí ẹ̀yìn, tí ẹ̀gbẹ́ itan rẹ̀ ti kú tí kò mọ̀ bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, tí ìka rẹ̀ kò lè ká dáadáa láti de bọ́tìnnì, a kì í ka tirẹ̀ mọ́ ìpalára. A máa ń ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ó rẹ̀ ẹ́ lónìí, ó rẹ̀ ẹ́ lọ́la, títí tí yóò fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ orí tí ó yẹ kí ó máa fi kọ́ àwọn ọmọdé ní iṣẹ́ náà.

Àwa ará Ẹ̀pẹ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gun igi. Àwọn tí ń dá ẹmu àti àwọn tí ń kọ ẹyìn ṣì wà láàrin wa, igbà ni wọ́n sì ń lò. Ẹ ti rí wọn: ọkùnrin a fi igbà yí ara rẹ̀ àti ọ̀pẹ po, a fi ẹ̀yìn ti igbà, a tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ ara ọ̀pẹ, a sì máa ta igbà sókè bí ó ti ń gòkè. Igbà kì í ṣe ohun tí ó rọ ara lọ́rùn. Ó máa ń há mọ́ ẹ̀yìn ìbàdí, ó sì máa ń kó ìwúwo ara jọ sí àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ ẹlẹ́mu tí ó ti dàgbà, ẹ ó rí bí ó ti yi tó. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́mu kì í pẹ́ lókè. Ó gun ọ̀pẹ, ó gbé akèrègbè tí ó kún, ó tún ojú ibi tí ẹmu ti ń kán ṣe, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì rìn lọ sí ìdí ọ̀pẹ mìíràn. Ìrìn yẹn ni ìsinmi rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á padà sí ibi tí igbà ti tẹ̀, ẹ̀yìn á nà, kí ó tó tún gòkè. Bẹ́líìtì ìgbàlódé ní tirẹ̀ ní tìmùtìmù, ó ní ibi ìjókòó, ó ní ibi tí a ń gbé ayùn kọ́, nítorí náà ènìyàn lè wà lókè láti àárọ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ìrọ̀rùn tí wọ́n fi sí i ni ó jẹ́ kí ó ṣeé ṣe fún yín láti fi wá sókè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ara tí ó wà nínú rẹ̀ kò sì tíì yí padà. Igbà ń ni ara lára gan-an, kò pẹ́ kò jìnnà á tú u sílẹ̀. Bẹ́líìtì ń ni ín lára díẹ̀, kì í sì í tú u sílẹ̀. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ mi nìyẹn, gbogbo ohun tí mo ń sọ lẹ́yìn èyí, orí rẹ̀ ni ó dúró lé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì wọ ọ̀kan rí. Bẹ́líìtì agungi ní ọ̀já fífẹ̀ kan tí ó yí ìbàdí ká, ọ̀já méjì tí ó gba abẹ́ itan, àti okùn kúkúrú kan níwájú tí ó so ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún pọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì. Orí okùn kúkúrú yìí ni ìkọ́ irin tí ó di okùn ńlá mú máa ń wà, tí yóò máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ bí a ti ń yí ara padà. Nígbà tí ènìyàn bá rọ̀ sínú rẹ̀ láìfi ẹsẹ̀ ti ohunkóhun, gbogbo ìwúwo rẹ̀ àti ti ẹrù tí ó gbé wà lórí ọ̀já mẹ́ta yẹn. Ẹrù náà kò kéré: bẹ́líìtì fúnra rẹ̀, àwọn ìkọ́ irin, okùn kejì tí a fi ń gbá igi mú, ayùn ọwọ́, àti ayùn ẹlẹ́ńjìnnì tí a ti rọ epo àti ọ́ìlì sí, kò ṣòro kí gbogbo rẹ̀ tó kílò 10. Ẹ̀gbẹ́ kan ni ayùn ẹlẹ́ńjìnnì sì máa ń rọ̀ sí. Ìgbáròkó ẹ̀gbẹ́ náà ni yóò máa wálẹ̀, iṣan ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ kejì ni yóò sì máa fà kí ara lè dọ́gba. Ẹnikẹ́ni kì í mọ èyí lára ní wákàtí kìíní. Ìgbà tí ènìyàn bá bọ́ bẹ́líìtì tán tí ó fẹ́ dúró ṣánṣán, tí ìbàdí sì kọ̀, ni ó ń mọ̀.

Ibi tí ó ń dùn wá jù ni ibi tí ọ̀já ìbàdí ti kọjá lórí eegun ìgbáròkó níwájú. Iṣan ìmọ̀lára kan wà níbẹ̀, tí ó ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ ìta itan. Àwọn dókítà mọ ìṣòro rẹ̀ dáadáa, meralgia paresthetica ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń rí i lára àwọn ọlọ́pàá àti àwọn kafíńtà tí ń kó irinṣẹ́ wúwo mọ́ bẹ́líìtì, lára àwọn tí ó sanra, àti lára aláboyún. Bí ọ̀já bá tẹ iṣan yìí pẹ́, ẹ̀gbẹ́ itan yóò kọ́kọ́ máa ta bí ẹni pé wọ́n fi ata pa á, lẹ́yìn náà ni yóò kú. Kì í ṣe iṣan tí ń gbé ẹsẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó ṣe kò ní í rọ lẹ́sẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí a kì í fi kà á sí. Mo ti rí ẹlẹgbẹ́ mi kan tí sàlẹ́ńsà ayùn tí ó gbóná jó ní itan lórí igi, tí kò mọ̀ rárá, àfi ìgbà tí ó sọ̀kalẹ̀ tí ó rí i pé sòkòtò òun ti lu, tí awọ abẹ́ rẹ̀ sì ti bó. Bí a bá tètè mú ohun tí ń tẹ iṣan náà kúrò, ó sábà máa ń sàn fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe mú un kúrò nígbà tí ó jẹ́ pé bẹ́líìtì kan náà ni a ó tún wọ̀ lọ́la?

Ọ̀já itan ni ó kàn, òun sì ni ó léwu jù. Ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn bá tì wá sí ẹsẹ̀ nílò ìrànlọ́wọ́ kí ó tó lè padà gòkè. Ẹran ẹsẹ̀ àti ti itan ni ó ń fún un sókè nígbàkigbà tí a bá ń rìn tàbí tí a bá ń fi ẹsẹ̀ ti nǹkan. Bí ènìyàn bá rọ̀ sínú bẹ́líìtì láìmira, bóyá nítorí pé ẹ̀ka gbá a lórí tàbí pé ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, ẹ̀jẹ̀ á máa kó jọ sí ẹsẹ̀, èyí tí ó yẹ kí ó dé ọpọlọ á dín kù, òòyì á kọ́ ọ, ó sì lè dákú láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tí ó bá dákú lórí ilẹ̀ yóò ṣubú, ìṣubú náà yóò sì mú kí ẹ̀jẹ̀ padà sí orí rẹ̀. Ẹni tí ó dákú nínú bẹ́líìtì kò ní ibi tí yóò ṣubú sí. Òòró ni yóò wà, bí wọn kò bá sì tètè gbé e wálẹ̀, ó lè kú síbẹ̀ láìsí pé ohunkóhun ṣẹ́ lára rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà iṣẹ́ yìí ni pé ènìyàn méjì, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ wà níbikíbi tí a bá ti ń gun igi, ẹni tí ó wà nílẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lè gòkè lọ gbé ẹni tí ó wà lókè sọ̀kalẹ̀, kí irinṣẹ́ tí yóò fi ṣe é sì wà nítòsí. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ẹni tí ó wà nílẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹ gbà láti fa ẹ̀ka, tí kò gun igi rí láyé rẹ̀. Bí nǹkan bá ṣe agungi, igbe ni ọmọ náà lè ké, kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí ó lè gba ẹ̀mí là lọ́jọ́ kan: ọ̀pọ̀ ti gbọ́ pé bí wọ́n bá gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé ilẹ̀, kí wọ́n má tẹ́ ẹ, kí wọ́n mú un jókòó. Àjọ ìjọba tí ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò fínnífínní, wọn kò sì fara mọ́ ọn. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ẹ wò bóyá ó ń mí, kí ẹ sì ṣe ìtọ́jú tí a ń ṣe fún ẹnikẹ́ni tí ó dákú, kí ẹ tó sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Irin ẹsẹ̀ ni èyí tí a máa ń wọ̀ mọ́ bàtà nígbà tí a bá fẹ́ gé igi wálẹ̀ pátápátá. Irin gbọọrọ kan ni, ó ti ìsàlẹ̀ orúnkún bá ojúgun lọ dé abẹ́ bàtà, ó sì ní ṣóńṣó kan ní ẹ̀gbẹ́ inú ẹsẹ̀ tí a ń gún mọ́ ara igi. Gbogbo ìgbésẹ̀ tí a bá gbé, ṣóńṣó yẹn á wọ igi, irin á ti ojúgun, agbede-méjì àtẹ́lẹsẹ̀ á sì gbé gbogbo ara. Èyí tí ó bá dára ní tìmùtìmù tí ó fẹ̀ ní ibi ojúgun. Ti ọwọ́ wa ti jẹ tán. Ẹ wá wo bí àwọn ọmọ iṣẹ́ ti ń ṣe é: wọ́n á gé sílípáàsì sí méjì, wọ́n á kì í bọ àárín irin àti ojúgun, wọ́n á fi tíúbù kẹ̀kẹ́ dì í yí ká. Bí òógùn bá ti mú un, sílípáàsì náà á yọ̀ wálẹ̀, etí irin á sì máa ha awọ ojúgun. Ọgbẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ Ajé ni yóò tún ṣí. Ọ̀rọ̀ irin ẹsẹ̀ yìí kan igi pàápàá, ẹ jọ̀ọ́. Ihò tí ó ń lu sí èèpo igi ni àrùn àti kòkòrò ń gbà wọlé, ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí dunjú kò fi ń lò ó lórí igi tí a fẹ́ kí ó wà láàyè. Bí oníbàárà yín bá kàn ní kí a bá òun dín ẹ̀ka máńgòrò kù, tí ẹ sì ní kí a fi irin ẹsẹ̀ gùn ún kí iṣẹ́ lè yá, ẹ pa igi olóhun lára, ẹ sì pa ojúgun tiwa náà lára.

Fífi okùn gòkè kò kúkú rọrùn ju ìyẹn lọ. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ni kí a ju okùn kọjá lórí ẹ̀ka, kí a so etí kan mọ́ bẹ́líìtì, kí a máa fi ọwọ́ fa etí kejì, kí a máa ju ìbàdí sókè, kí kókó okùn sì máa di ibi tí a bá dé mú. Apá, èjìká àti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn. Bí a bá gun igi gíga méjì tàbí mẹ́ta lọ́jọ́ kan báyìí, ọwọ́ tí ó yẹ kí ó di ayùn mú ṣinṣin á ti máa gbọ̀n kí a tó gé ẹ̀ka kìíní. Ọ̀nà mìíràn wà, tí okùn dúró lójú kan, tí a fi ohun ìdìmú kan sí ẹsẹ̀, èkejì sí orúnkún, tí ènìyàn sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ gòkè ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Itan lágbára ju apá lọ, ọ̀nà yìí sì ń fi èjìká sílẹ̀ fún ayùn. Owó irinṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe kékeré, n kò ní í tàn yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ayùn bá bàjẹ́, ẹ máa ń ra òmíràn; èjìká ènìyàn kò sí lọ́jà.

Ẹ tún ro ti ooru mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé létí ọ̀sà mọ bí afẹ́fẹ́ wa ti máa ń nípọn tó nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí oòrùn sì yọ. Nínú irú oòrùn bẹ́ẹ̀ ni agungi wà pẹ̀lú akoto, sòkòtò tí ó nípọn, àti ọ̀já tí ó ti mu òógùn yó. Iyọ̀ òógùn á gbẹ sára ọ̀já, á funfun, á le, etí rẹ̀ á wá máa bó awọ abẹ́ itan. Ibẹ̀ ni làpálàpá ti ń bẹ̀rẹ̀, tí ènìyàn kò ní í lè sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ohun kan tún wà tí àwa ọkùnrin kì í fẹ́ sọ jáde. Láti tọ̀, agungi ní láti sọ̀kalẹ̀, kí ó tú bẹ́líìtì, kí ó tún un wọ̀, kí ó sì tún gùn padà. Ẹ̀yin á máa wo aago. Nítorí náà, púpọ̀ nínú wa kì í mu omi láti àárọ̀, kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n wá lókè. Ara tí kò lómi kò ní ẹ̀jẹ̀ tí ó pọ̀ tó láti fi tako bí ẹ̀jẹ̀ ti ń kó jọ sí ẹsẹ̀, ó sì ń tètè dákú. Ohun tí mo ti sọ ṣáájú àti èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì.

Ní ti bẹ́líìtì tí ẹ ń fún wa gan-an, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ tòkunbọ̀. Tòkunbọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ fún mọ́tò, ṣùgbọ́n okùn aṣọ tí oòrùn ti pa, tí epo bẹntiróòlù ti kàn, tí a kò mọ ẹni tí ó já nínú rẹ̀ rí, kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹ̀mí rọ̀ sí. Ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe wọ́n máa ń kọ ọdún tí wọ́n ṣe é sí ara rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í fún un ju ọdún 10 lọ, bí ó tilẹ̀ wà nínú àpótí. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n tún wà níbẹ̀. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ni ènìyàn mẹ́ta máa ń pín lórí iṣẹ́ kan, tí ọ̀kan sanra, tí èkejì tín-ín-rín, tí ẹ̀kẹta kúrú. Èyí tí ó bá tóbi ju ènìyàn lọ máa ń gòkè kúrò lórí ìgbáròkó lọ sí abẹ́ ìhà, mímí á sì ṣòro. Èyí tí ó bá kéré máa ń gé itan. Kò sí tìmùtìmù tí ó lè tún ìwọ̀n tí kò báni mu ṣe.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí. Kí agungi kankan má ṣe pẹ́ ju wákàtí méjì lọ nínú bẹ́líìtì lókè kí ó tó sọ̀kalẹ̀, kí ó tú gbogbo ọ̀já, kí ó rìn, kí ó mu omi, kí ó tọ̀, kí ó tó ronú láti padà. Wákàtí méjì yìí, àwa tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ ni a fi ara wa mọ̀ ọ́n: lẹ́yìn rẹ̀ ni itan ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kú, tí ojú sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi ibi tí ó yẹ kí a gé. Kí agungi méjì máa wà lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, kí ẹni tí ó gun igi láàárọ̀ di ẹni tí ń fa okùn nílẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ ó rí i pé ẹnì kejì tí ẹ gbà nítorí ìsinmi yìí náà ni ẹni tí yóò lè gòkè lọ gbé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wálẹ̀ bí ewu bá dé, ẹ ti fi owó kan ra ohun méjì. Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀: kí bẹ́líìtì jẹ́ ti ẹni tí ó ń wọ̀ ọ́, kí ó bá a mu, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo oṣù mẹ́fà, gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1998 ti béèrè fún irinṣẹ́ tí ń gbé ènìyàn sókè.

Òfin tiwa náà kò sùn. Òfin ìsanpadà fún òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 sọ pé kí agbanisíṣẹ́ máa san owó sí àpò tí NSITF (Nigeria Social Insurance Trust Fund), àjọ ìjọba àpapọ̀, ń bójú tó, láti inú àpò yìí ni wọ́n sì ń tọ́jú òṣìṣẹ́ tí ó farapa, tàbí tí iṣẹ́ rẹ̀ kó àìsàn bá. Mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí ohun méjì nínú rẹ̀. Èkíní ni pé kì í ṣe ẹni tí ó ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ nìkan ni òfin náà pè ní òṣìṣẹ́. Ó dárúkọ ẹni tí a fi ẹnu lásán gbà, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, àti ẹni tí ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwa sì ni wọ́n. Èkejì ni pé àìsàn tí iṣẹ́ fà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìpalára, nítorí náà ẹ̀yìn tí ó bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ kò yẹ kí ó wà lẹ́yìn òde nítorí pé kò sí ọjọ́ kan pàtó tí ó bàjẹ́. Ó fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti sọ fún agbanisíṣẹ́ rẹ̀, ó sì fún agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ náà létí. Èmi kò mọ ẹlẹgbẹ́ mi kan tí ẹnikẹ́ni ti sọ èyí fún rí. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ bá ń ka ìwé yìí, ẹ fi sọ́kàn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín yóò sọ: pé oníbàárà kì í fẹ́ san owó agungi méjì, pé bí iṣẹ́ ọjọ́ kan bá di ọjọ́ kan àtààbọ̀, ẹlòmíràn tí kò bìkítà ni yóò gbà á. Òótọ́ ni pé ẹni bẹ́ẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i: ìgbà wo ni ẹ̀ka máa ń bọ́ lu páànù? Ìgbà wo ni okùn máa ń yọ̀ lọ́wọ́? Ọ̀sán ni, lẹ́yìn tí ẹnì kan ṣoṣo ti wà lókè láti àárọ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ ti gan, tí kò sì fẹ́ sọ̀kalẹ̀ mọ́ nítorí pé ẹ ti ń pè é kí ó ṣe kíá. Owó páànù, owó ògiri, owó bíbẹ onílé, àpò yín ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Àwọn tí ó mọṣẹ́ jù nínú wa sì ń lọ. Mo lè nàka sí àwọn tí ó ti di ọlọ́kadà, tí ó ti di aṣọ́gbà ní àwọn ilé tuntun wọ̀nyí, tí wọ́n mọ bí a ti ń ka igi, bí a ti ń mọ ibi tí ẹ̀ka yóò yí sí kí ayùn tó kàn án. Kò wù wọ́n láti lọ. Ara wọn ni kò gbà á mọ́, ẹ sì ti fi àwọn ọmọdé tí kò mọ ohun tí wọ́n mọ̀ rọ́pò wọn.

Kí òjò àkọ́rọ̀ àti ìjì rẹ̀ tó dé, tí gbogbo ìlú yóò máa pè yín lẹ́ẹ̀kan náà, a bẹ̀ yín kí ẹ fún wa ní ọjọ́ kan tí a ó fi jókòó pọ̀, níbikíbi tí ẹ bá yàn nínú ìlú Ẹ̀pẹ́. A ó kó bẹ́líìtì àti irin ẹsẹ̀ tí ẹ fún wa wá, bí wọ́n ti rí gan-an, pẹ̀lú sílípáàsì tí a dì mọ́ wọn. A ó ta okùn sí ẹ̀ka kan tí kò ga, kí ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó bá fẹ́ lè wọ bẹ́líìtì náà, kí ó rọ̀ sínú rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, àwa tí a mọ bí a ti ń sọ ènìyàn kalẹ̀ yóò sì dúró tì í. Lẹ́yìn náà ni kí a jọ sọ̀rọ̀ lórí wákàtí, kí a wọn ìbàdí àti itan olúkúlùkù wa, kí ẹ sì sọ fún wa oṣù tí àwọn bẹ́líìtì tuntun yóò dé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Agungi kan ní Ẹ̀pẹ́